Èmi Ni Mo Fọ́ Nàfísà Lójú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún rí ọ̀nà mìíràn tí màá fi sá fún un. Nàfísà kò fọ́jú nítorí etí kunkun. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Èmi Fausiatou, tí mo ti ń yẹ ojú wò tí mo sì ń ta awò ní Treichville láti nǹkan bí ogún ọdún, èmi ni mo fún un ní oògùn tó ba ojú rẹ̀ jẹ́. Èmi náà ni mo kọ irọ́ sínú ìwé kí ẹ̀bi lè di tirẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ náà, irọ́ ni ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, bí mo bá sì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ibí ni màá ti lò ó.

Mi ò lọ iléèwé ìṣègùn. CM2, kíláàsì tó parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo dé tí bàbá mi fi ní ó tó. Alàgbà Akíntáyọ̀, ará Ọ̀yọ́, ló kọ́ mi níṣẹ́, láti orí gígé awò títí dé orí bí a ṣe ń mọ nọ́ńbà tó bá ojú mu. Nígbà tí Alàgbà náà kú, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di tèmi. Ẹgbẹ́ àwa tó ń yẹ ojú wò gbà kí àwa tí a fọwọ́ kọ́ iṣẹ́ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní lọ́dọọdún a gbọ́dọ̀ wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ odidi ọjọ́ kan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní formation. Wọ́n ní iṣẹ́ ojú ń yí padà, pé ẹni tí kò bá kọ́ tuntun yóò fi ti àtijọ́ ṣe ènìyàn léṣe. Èmi ní tèmi wo àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ yẹn pẹ̀lú Faransé gbọọrọ wọn, mo ní àwọn wọ̀nyí kò gé awò kan rí. Mo ní mo kórìíra ọ̀rọ̀ ràbàtà. Irọ́ nìyẹn náà. Mo kórìíra kí wọ́n rí i pé mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú ra ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá inú ojú. Mo rà á, mi ò mọ̀ ọ́n lò, ojú sì ń tì mí láti béèrè níwájú ọmọ tí mo lè bí. Mo fi aṣọ bò ó. Lórí káàdì gbogbo ẹni tó bá wọlé, quinze, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni mo ń kọ, nítorí mo ti gbọ́ pé quinze dára. Àgbà o, ọmọdé o, quinze.

Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ní ká buwọ́ lùwé ní formation, láàárọ̀ àti lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo máa ń buwọ́ lu ti àárọ̀, màá mu kọfí wọn, màá sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Rachida ló máa ń bá mi buwọ́ lu ti ọ̀sán, tó sì ń bá mi fa ìlà sí ìdáhùn ìbéèrè tí wọ́n ń pín níparí. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Marcory, ẹ sì mọ̀ pé nínú àṣà wa, ọmọṣẹ́ kì í sọ fún ọ̀gá pé rárá. Ẹ má bá Rachida wí. Èmi ni mo fi ipò ọ̀gá di ẹrù yẹn lé e lórí.

Nàfísà àti èmi la jọ kéwú lọ́dọ̀ afáà kan náà. Aṣọ bazin ló ń tà lọ́jà. Ojú máa ń yún un, pàápàá nígbà ọyẹ́, eruku aṣọ tún wá ń dá kún un. Mo fún un ní ìgò oògùn kékeré kan tó ní ìdérí aláwọ̀ ewé, irú èyí tí mo ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn ní Adjamé. Ọjọ́ kejì, ìyún náà ti lọ. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù wá fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní dókítà ni mí, mo kàn gbàgbé láti lọ iléèwé ni. Bí ìgò kan bá tán, á wá gba òmíràn. Ọdún méjì gbáko. Ó tún ń júwe mi fún àwọn obìnrin ọjà. Mi ò béèrè ohun tó wà nínú oògùn yẹn rí. Ó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn tó mi.

Oògùn yẹn ń gbé ìfúnpá inú ojú sókè, kì í sì í dun ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ, bí eku ṣe ń jẹ etí ìwé, tí àárín á ṣì wà tí èèyàn fi ń ríran jìnnà. Nàfísà ń ka pátákó lẹ́tà mi dé ìlà ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọlu kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́jà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó ti ń gùn ún, pé bí àwọn bá kúnlẹ̀ kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í dáhùn. Ó wá bá mi. Ó ní, “Fausia, wọ́n ní mi ò kí èèyàn mọ́. Mi ò rí wọn ni.” Kí ni mo ṣe? Mo pààrọ̀ awò fún un. Nígbà tó tún padà wá, mo tún pààrọ̀ rẹ̀. Quinze, quinze.

Lọ́jọ́ kan Rachida yà sọ́dọ̀ mi, ó rí ìgò náà nínú àpótí. Ó mú un yẹ̀ wò, ó wá ní, “Tantie, ṣé ẹ ṣì ń ta eléyìí? Cortisone wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó ń fọ́ni lójú.”

Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

“Ní formation ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ọ̀sán. Mo bá yín buwọ́ lù ú. Mo sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.”

Ìwé náà wà lábẹ́ páálí férémù, mi ò tú u rí. Nígbà tó lọ tán, mo kà á. Wọ́n fi àwòrán sí i, wọ́n kọ ọ́ ní Faransé tó rọrùn, ọmọ CM2 á kà á. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé, irú oògùn wo ni wọ́n ń kán sójú. Bí ó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kán an, ẹ wọn ìfúnpá, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ní ńṣe ni ẹ̀gbẹ́ ojú ń ṣókùnkùn, ẹ má pààrọ̀ awò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀rọ̀ Nàfísà ni wọ́n kọ síbẹ̀ láìmọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo ti burú jù nìyí. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn èyí, Nàfísà wọlé. Ó ní oògùn òun tán. Mo ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa, mo ti mọ̀. Bí mo bá ní rárá, á bi mí nítorí kí ni, màá sì ní láti sọ ti ọdún méjì. Mo mú ìgò kan, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ṣàdúrà fún mi kó tó jáde. Mo ní nínú ọkàn mi pé màá wá ọgbọ́n ta sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Kí n tó ta ọgbọ́n kankan, ó ti ṣubú sínú gọ́tà lójú ọ̀nà ọjà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n wọ̀n lójú rẹ̀ níbẹ̀ ni quarante-deux, méjìlélógójì. Ojú òsì ti lọ. Ti ọ̀tún kù bí ihò kọ́kọ́rọ́.

Dókítà ní ẹni tó fún un lóògùn ló ni ọ̀ràn. Mo gbọ́ pé ẹbí rẹ̀ ń bọ̀. Mo fa káàdì rẹ̀ yọ, mo wá bírò tó jọ ti àtẹ̀yìnwá, mo kọ ọ́ sí ọjọ́ Mọ́ńdé kan tó ti kọjá lọ́dún kan sẹ́yìn: mo ní kó dá oògùn dúró, mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí Làtífù ọkọ rẹ̀ kó ẹbí wá, mo gbé káàdì náà jáde. Ó kà á sókè. Ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé bí Nàfísà ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn, kì í gbọ́ tẹnìkan. Àwọn àgbà mi orí. Nàfísà yí ojú sí ibi tí ohùn mi wà. Ó ní, “Fausia, ọjọ́ wo lo sọ fún mi?”

Mo ní, “Ọjọ́ Mọ́ńdé tí ìwọ àti Mounira jọ wá.”

Mounira, ọmọbìnrin rẹ̀, ní òun kò rántí. Mo wo ọmọ yẹn, mo ní fóònù ló ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ rí bí irọ́ ṣe ń yá mi lẹ́nu. Wọn ò ní kí n búra. Ká ní wọ́n ní kí n ṣe é ni, ǹ bá ti búra. Nàfísà wá ní bóyá òun ló gbàgbé. Ó ní kí n má bínú pé nítorí òun ni wọ́n ṣe wá dà mí láàmú. Èmi ló ń bẹ̀.

Làtífù gba ìsọ̀ aṣọ náà fún ìyàwó rẹ̀ kejì. Nàfísà kó lọ sọ́dọ̀ Bàsìt, àbúrò rẹ̀, ní Anyama. Nínú agbo ilé yín, bí ọmọ kan bá ṣe agídí, ẹ máa ń bi í bóyá ó fẹ́ dà bí Nàfísà tí kò gbọ́ràn. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Mo rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú yín.

Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ní formation tọdún yìí, wọ́n pè mí jáde, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ pé láti ọdún mẹ́wàá mi ò pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan jẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Rachida nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ilẹ̀ ló ń wò. Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo jókòó títí wọ́n fi ṣe tán, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló ń wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ gbaka ní Adjamé, mo lọ sí Anyama.

Ó jókòó níwájú òkìtì obì, ó ń fọwọ́ ṣà èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀. Ohùn mi ló fi mọ̀ mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, “Ìgò tí mo gbà gbẹ̀yìn, o ti mọ̀ nígbà yẹn?”

Mo ní mo ti mọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó ní, “Mo ti lérò pé orí mi ti dàrú ni. Mo máa ń jókòó síbí, màá máa wá ọjọ́ Mọ́ńdé yẹn nínú ọpọlọ mi, mi ò sì rí i. Má bẹ̀ mí lónìí, Fausia, mi ò ní gbà. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí Bàsìt kà á fún àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́.”

Mo ti kọ ọ́. Ẹgbẹ́ ti ní ẹ̀dà tiwọn lọ́wọ́, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ra ìgò aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ mi, mo mọ ogójì yín lójú, mi ò mọ ilé yín. Mo bẹ yín, ẹ mú ìgò náà dání, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú lónìí. Ẹ má sọ pé kò dùn yín. Kò dun Nàfísà náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń buwọ́ lùwé tí ẹ ń lọ, ẹ jókòó. Ẹ béèrè ohun tí kò yé yín, kí wọ́n fi yín ṣe ẹ̀sín, ẹ̀sín kì í fọ́ni lójú.

Baba Mounira, àti gbogbo àgbà tó mi orí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Anyama. Ẹ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ sókè, kó lè mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.