Ìka Tí Ìyá Mùsá Tẹ̀ Fún Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ náà kò tọ́ sí mi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí íméèlì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìwó, mò ń bá àwọn tí kò mọ̀wé tẹ tiwọn ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi. Mi ò bímọ. Ọkọ mi ti kọ̀ mí. Bí mo bá délé, ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Láti ìlú Olúpọ̀nnà ni Ìyá Mùsá ti ń wá kọ̀wé sí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Èsì àkọ́kọ́ dé: "Ìyá mi, ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́?" Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi mí bóyá mo jẹun. Mo kà á fún ìyá. Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò kà á fún wọn. Mo ní Mùsá kò tíì fèsì. Èmi ni mo dá a lóhùn, bí ẹni pé èmi ni ìyá rẹ̀.

Láìpẹ́, àwọn oníjìbìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ olórúkọ ránṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Inú bí ọ̀gá. Wọ́n ra ìwé ńlá kan: ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kó sì tẹ̀ka, íméèlì rẹ̀ kò ní jáde. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ìwé náà. Wọn ò mọ̀ pé ewúrẹ́ ni wọ́n fi ṣọ́ èlùbọ́.

Mo sọ fún ìyá pé, "Ọ̀nà jìn, ìyá. Ẹ tẹ̀ka kún ojú ìwé yìí. Màá máa bá yín kọ ọ́." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Mo fi gèlè mi nu yíǹkì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ yẹn lé mi lórí: "Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tí kò ní gbàgbé rẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo sunkún lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ mi ò dáwọ́ dúró.

Ìka mẹ́ta tí mi ò tíì lò ṣì kù nínú ìwé náà nígbà tí ìyá kú. Mùsá wálé ṣe fidáù ogójì ọjọ́. Ará ilé sọ fún un pé ìyá ń ráhùn títí wọ́n fi kú pé ọmọ wọn kò kọ̀wé sí wọn. Ó ní ìgbàgbé arúgbó ni. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó kó àwọn íméèlì tí mo kọ sí i, tó ti tẹ̀ sórí ìwé, jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìwọ̀nyí ni ìyá mi tó kù. Ẹ ṣeun tí ẹ bá wọn kọ ọ́."

Bí mo bá sọ, màá gba ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mi ò bá sọ, ìyá á máa jẹ́ òpùrọ́ nínú sàréè. Lẹ́yìn Iléyá ló ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kí n máa kọ̀wé sí òun, torí òun ò ní ìyá mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo ti fẹ́ kọ ìwé náà sí i.