Mo Ní Wọ́n Fẹ́ Pín Ìjọ Ní Ìdí-igi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ikùn mi láti bí ọdún mélòó kan, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan wá sílé mi, láti ọjọ́ náà n kò lè dá a gbé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Ilé wa kò jìnnà sí Ìgá Ìdúngànràn, ààfin ọba. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú ẹbí wa, ìyá mi ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà Òkè Àrin, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni ògbufọ̀ ìjọ. Bí òyìnbó bá wá wàásù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń dúró sí. Ẹ má bínú, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Àwọn èèyàn ńlá tí kì í dáhùn ìkíni mi lójú pópó, ẹnu mi ni gbogbo wọn máa ń wò lọ́jọ́ náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: onífura ni mí. Ìyá mi máa ń sọ pé bí ẹnì kan bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, n ó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ná. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo oògùn náà ju bó ti yẹ lọ.

Ìjọ wa ti kún ju ilé rẹ̀ lọ nígbà náà. Àwọn oníṣòwò láti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ń dé, àwọn mìíràn ń gbọ́ ìwàásù láti orí àtẹ̀gùn ìta. Síbẹ̀ àwọn àgbà díẹ̀ láti inú ìdílé àtijọ́ nìkan ló wà nínú kọmitií. Bí aláìsàn bá wà ní àdúgbò wa, ó lè sàn tàbí kó kú kí pásítọ̀ tó gbọ́.

Wọ́n wá gbé àlùfáà kékeré kan wá bá wa, Àlùfáà Ajíbóyè, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Òun ló ronú ètò tuntun kan. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tirẹ̀, kí wọ́n yan olórí àti ìgbìmọ̀ tiwọn, kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sì rán iye aṣojú kan náà lọ sínú ìgbìmọ̀ àgbà, ìbáà ṣe àdúgbò ńlá tàbí kékeré. Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn ètò náà. Ó ní òun yóò rán òyìnbó àlùfáà àgbà kan wá ṣàlàyé rẹ̀ fún ìjọ, kí ìjọ sì sọ bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà.

Ara fu mí. Mo rí Àlùfáà Ajíbóyè ní Òkè Àrin, níwájú ṣọ́ọ̀bù ará ìlú rẹ̀ kan, ó ń nawọ́ sí ilẹ̀ ìjọ tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Mo ní háà, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò yẹn. Ó wá kí mi nílé, kò jẹun. Mo ní kí ló ń sá fún? Ó rẹ́rìn-ín, mo ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Ohunkóhun tó bá ṣe, mo ti ní ìtumọ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó wà lábẹ́ ìfura náà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí olórí rẹ̀ ń sọ Yorùbá, ta ló ń wá ògbufọ̀? Mo ti rí i pé ipò mi ń lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, Àlùfáà Ajíbóyè wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òyìnbó yẹn á sọ ọ̀rọ̀ tó máa dà bí pípín lédè wọn. Ẹ má lo 'pín' o. Ẹ ní ìyá ń bímọ ni. Ìjọ wa lóyún, ó fẹ́ bí ìjọ."

Mo ní, "Kò sí wàhálà, Àlùfáà. Ó ti yé mi." Ó sì yé mi lóòótọ́.

Ìpàdé wáyé nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé lẹ́yìn ìsìn. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Òyìnbó dìde, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní a ó fi ìjọ sí àdúgbò-àdúgbò, ohùn àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò sì dọ́gba. Ó dákẹ́, ó wò mí. Gbogbo wọn wò mí.

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn fẹ́ pín ìjọ. Ìdí-igi ni wọ́n fẹ́ fi pín in."

Ẹ̀yin ará ibòmíràn lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gbóná tó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí baba bá kú tó ní ìyàwó mẹ́ta, tí a bá pín ogún rẹ̀ ní ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́ta ni. Ìyá tó bí ọmọ kan ṣoṣo gba iye tí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ gbà. Àwọn kan ní orí-ò-jorí ló yẹ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti tú agbo-ilé ká. Nínú ẹbí tèmi gan-an, ọmọ ìyá kan kì í kí ọmọ ìyá kejì nítorí rẹ̀ títí di òní. Mo mọ iná tí mo ń dá.

Ẹ sì wò ó, irọ́ kọ́ ni mo pa. Ohùn tó dọ́gba fún àdúgbò ńlá àti kékeré, ìdí-igi náà ni, bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣàròyé. Mo ti mú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi mú mi. Ìwà burúkú mi nìyẹn.

Màmá àgbà kan tó wà níwájú bọ́ gèlè rẹ̀ sọ́wọ́, ó ní, "Ta ló kú?"

Ó wo òyìnbó, ó wo èmi.

"Mo ní ta ló kú, tí ẹ fi ń pín ogún? Àbí Jésù ò jíǹde mọ́ ni?"

Ariwo sọ. Wọ́n ní ta ni ìyálé, ta ni ìyàwó, àdúgbò wo ni wọ́n fẹ́ sọ di ọmọ àlè. Àlùfáà Ajíbóyè dìde, ó ń pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ogún! Ìbímọ ni! Ìyá wa ló ń bímọ!"

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá arúgbó wo ló ń bímọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Baba Ìjọ, ọ̀kan nínú àwọn àgbà kọmitií, wá bi í ní pẹ̀lẹ́ pé, "Àlùfáà, ẹ̀yin ńkọ́? Ìdí-igi wo ni tiyín nínú ilé yìí?" Ẹ̀rín náà dá. Òyìnbó ń bi mí pé kí ni wọ́n ń wí. Mo ní fún un pé wọn ò fẹ́ ètò náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn ń wá bá mi ní Òkè Àrin. "Ṣé òótọ́ ni pé àwọn Ìjẹ̀ṣà fẹ́ gba ilẹ̀ ìjọ?" Èsì mi kan náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ." Ẹ mọ̀ pé èsì yẹn burú ju bẹ́ẹ̀ ni lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Àlùfáà Ajíbóyè lọ sí ìlú omi kan níbi tí ọkọ̀ ojú omi kì í ti í yá dé. Ètò náà kú. Àwọn tó ń jókòó lórí àtẹ̀gùn ń dín kù, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjọ aláṣọ funfun. Kọmitií ń yìn mí pé ọmọ onílé tòótọ́ ni mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Àlùfáà Ajíbóyè ni. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti ń funfun. Wọ́n ti dá a padà, bíṣọ́ọ̀bù sì ti ní kó tún gbé ètò náà dìde, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àkọ́kọ́ yóò wà.

Mo ní ó ti mọ̀, ẹ̀san ló wá gbà.

Àlùfáà yìí, pẹ̀lú kọ́là lọ́rùn, dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú pálọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ku ìpàdé ni mo tó wá bá yín sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ló da orí yín rú, tí ẹ fi ṣìsọ níwájú òyìnbó. Ó ń dùn mí láti ọjọ́ náà. Ẹ forí jì mí."

Mo wo ojú rẹ̀, mò ń wá ẹ̀tàn níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo wá a, wá a. N kò rí nǹkan kan.

Mo ní, "Ẹ dìde, Àlùfáà. Mo ti dárí jì yín."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní orúkọ mi ni òun fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù láti jẹ́ olórí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun náà, kí n jọ̀ọ́ má kọ̀ ọ́.

Ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá jẹ́wọ́ ní gbangba, àwọn tí kò fẹ́ ètò náà yóò ní a ti wí bẹ́ẹ̀, màkàrúrù wà nínú rẹ̀, yóò sì kú lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, n ó jókòó sórí àga tí ẹni tí mo bà jẹ́ gbé fún mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo padà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi?