Ìran Tí Mo Rí Nípa Fóònù Tí Kò Ní Páálí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọyẹ́ fẹ́ gidi ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Eruku bo òrùlé, ètè mi là, omi inú garawa tutù bíi yìnyín. N kò ka ìwé púpọ̀, àmọ́ ohun tí ojú mi rí, mo lè sọ ọ́.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi bímọ sí Kánádà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sọ ọmọ náà lórúkọ, wọ́n sì ní inú fóònù ni màá ti rí ojú rẹ̀, kí n tó pe orúkọ tí èmi fún un. Bàbá Fúnmiláyọ̀ ti kú. Èmi nìkan ló kù tó lè dúró fún ilé wa. Ṣùgbọ́n ojú fóònù mi àtijọ́ ti ṣókùnkùn. Ó ń dún, n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ bá Bàbá Ìbejì, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, tó sì ń tà á, lẹ́bàá ilé epo.

"Èyí tí apá mi á ká ni mo fẹ́ o. Nọ́ńbà mi kò sì gbọdọ̀ yí padà, òun ni ọmọ mi mọ̀."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Síìmù yín náà la máa yọ, ká fi sínú èyí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, nọ́ńbà kan náà."

"Páálí rẹ̀ dà? Rìsíìtì ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Páálí kẹ̀? Ṣé páálí lẹ fẹ́ fi wo ọmọ ni?"

Owó tó pè é kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe tàn án, mo rí àwòrán ọmọbìnrin kan nínú rẹ̀, ó dé fìlà àwọn tó jáde ní yunifásítì, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì yára fi àtàǹpàkò pa á rẹ́. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo sanwó, mo gbé e lọ sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ọyẹ́ tí mo wí yẹn, mo gbàdúrà tán, mo faṣọ bora lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá, dìde, tẹ̀ lé mi."

Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibì kan tó tutù bí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Rẹ̀mí, tó máa ń gbálẹ̀ ìjọ wa kí ó tó kú, ni mo rí níbẹ̀, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́.

Mo ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ẹ kú ìsinmi o!"

Ó ní, "Ẹ ṣé o. Kí lẹ mú dání yẹn?"

Mo wo ọwọ́ mi. Fóònù náà ni. Bí mo ṣe ní kí n fi pamọ́ sẹ́yìn báyìí, ilẹ̀ ibẹ̀ yí padà.

Ooru! Mo rí àwọn òpùrọ́, ahọ́n wọn gùn débi pé àwọn fúnra wọn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rí àwọn alágbèrè, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé ara wọn, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Àwọn ọ̀gá tó fìyà jẹ òṣìṣẹ́ ń ru òkúta gun òkè tí kò lópin. Lẹ́yìn wọn ni mo wá rí èrò tó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, èèyàn jẹ́jẹ́, àwọn mìíràn wọ sùtánà bíi tiwa. Fóònù lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kálukú wọn bí ẹ̀yinná, wọ́n ń gbọn ọwọ́, kò já, wọ́n ń fi ha ògiri, kò já, ojú ẹni tó ni ín sì ń wò wọ́n láti inú rẹ̀, kò ṣẹ́jú.

Mo bi ọkùnrin aláṣọ funfun náà pé, "Ṣé àwọn olè nìyí?"

"Rárá. Àwọn olè wà níwájú. Àwọn tó ra ẹrù wọn nìyí."

"Bóyá wọn kò mọ̀."

"Iye tí wọ́n rà á ti sọ fún wọn. Ṣé ẹ̀yin àgbà kọ́ lẹ máa ń wí pé ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀?"

Àyè kan ṣófo láàárín wọn. Sílípáàsì mi ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mo yíjú padà láti sá, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń gbóná, ó ń gbóná, mo wò ó, ọmọbìnrin onífìlà yẹn ni, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní, "Màmá, ẹ rí mi àbí ẹ ò rí mi?"

Mo jí. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́.

Ẹ̀yin ará, àìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ta ọjà fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bi wọ́n léèrè ilé tó ti wá. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ẹ̀rín, ẹ máa lọ sílé yín.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì mọ́, mo yọ síìmù mi, mo gbé fóònù náà fún Bàbá Alágbà ìjọ wa, a sì jọ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní bóyá àwọn á rí olóhun, bóyá àwọn ò ní rí i. Owó tó kù lọ́wọ́ mi kò ra ju fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lọ, àmọ́ ó ní páálí, ó ní rìsíìtì. Ojú ihò síìmù rẹ̀ tóbi ju síìmù mi lọ, ni ẹni tó tà á bá fi ike há tèmi lára kí ó lè bá a mu. Nọ́ńbà mi kò yí padà.

Lọ́sàn-án, tó jẹ́ àárọ̀ lọ́dọ̀ wọn, Fúnmiláyọ̀ pè.

"Màmá, kí ló dé tí fídíò yín kò wọlé? Gbogbo èèyàn ti ń retí yín!"

"Èyí kò ní fídíò, ọmọ mi."

"Háà! Ẹ ò ní rí i nìyẹn? Ó jọ bàbá mi o, imú yẹn gẹ́lẹ́!"

Mo ní kí ó gbé fóònù sétí ọmọ. Mo gbọ́ èémí kékeré kan. Mo pè é ní Ìrètíolúwa, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n ń wo ohun tí èmi kò rí.