Ọwọ́ Amos Lára Ìwé Ìhágún

Ẹ̀yin ará Ashcombe, ikú ti dé ẹnu ọ̀nà mi, òótọ́ tí mo gbé mì láti ọdún mọ́kànlélógójì gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀nà èrú ni mo fi di àlùfáà yín.

Carew àgbà ló ni ẹ̀tọ́ láti yan àlùfáà níbí. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí èmi, tí mo jẹ́ igbákejì àlùfáà nígbà náà, bá òun kọ ìwé ìhágún, kí ẹ̀tọ́ náà di ti Hester, ọmọ àbúrò rẹ̀. Hester sì ti sọ fáyé gbọ́ pé Luscombe lòun máa yàn, Luscombe tó ń bẹ aláìsàn yín wò nínú òjò. Èmi náà fẹ́ ipò yẹn.

Ẹlẹ́rìí méjì ni ìwé náà ń fẹ́; olùtọ́jú ilé Carew ni ẹni kìíní. Òfin ní ìyàwó ẹlẹ́rìí ò gbọdọ̀ jogún nínú ìwé tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Síbẹ̀, Amos, ọkọ Hester, tó ń la igi lẹ́yìn ilé, ni mo pè. “Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi dọ̀tí o, Àlùfáà!” Mo ní, “Nù ún sára ṣòkòtò ẹ, jàre. Ṣé kì í ṣe ìyàwó ẹ la fẹ́ ṣe lóore ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ikú Carew, lọ́jọ́ tí lọ́yà ka ìwé náà, ó ní ogún Hester ti bàjẹ́ torí pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìbátan wọn kan, ọ̀rẹ́ mi, ló gba ẹ̀tọ́ náà, ó sì yàn mí. Hester yíjú sí ọkọ rẹ̀: “Ta ló rán ẹ níṣẹ́?” Amos wò mí. “Àlùfáà, ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí?” Èmi ẹni ibi! Mo ní, “Èmi kọ́. Ìwọ lo kù gìrì wọlé.” Olùtọ́jú ilé tó rí gbogbo rẹ̀ wolẹ̀, torí mo ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un.

Luscombe kó lọ. Ẹ̀yin náà fi mí sílẹ̀ nínú ilé oníyàrá mẹ́sàn-án, èmi nìkan ṣoṣo. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn mi, òkú ló fẹ́ kí n wá sin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sin Amos. Hester ò sunkún. Ó ní, “Òmùgọ̀ tó ba ayé mi jẹ́ nìyí.” Mo gbọ́, mo ka àdúrà parí, mo lọ sílé.

Hester, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè. Bí ẹ ò bá lè, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sunkún ọkọ yín.