Ọ̀pá Tí Mo Yọ Lábẹ́ Jíìpù Wa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ má ní kí n lọ sinmi, ẹ má sì sọ fún mi pé Ọlọ́run ti gbọ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Wándé àbúrò mi ló wa ọkọ̀ tí ìyá wa kú sínú rẹ̀. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni ìdí tí ọkọ̀ náà kò fi jáde nínú ẹrẹ̀. Èmi Láwùmí, àkọ́bí ìyá mi, ni mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè kà á sétí gbogbo ẹbí, nítorí bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, ẹ óò tún pa mí lẹ́nu mọ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Ẹ rántí bí a ṣe ra jíìpù yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti le, wọn ò sì gbà láti fi abúlé Àgbéde sílẹ̀ wá bá mi gbé ní Bódìjà. "Ta ni yóò máa bọ́ àwọn adìyẹ mi?" ni wọ́n máa ń wí. Láti Ìgbòho dé abúlé yẹn, ọ̀nà wo ló wà níbẹ̀? Bí òjò bá ti rọ̀ pẹ́nrẹ́n, etí odò á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Wándé ní ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ bá ń fà nìkan ló lè máa gbé Màmá wá sí ilé ìwòsàn. Èmi náà ń wá ọkọ̀ tí n óò máa wà lójoojúmọ́ láti Bódìjà, gba Dùgbẹ̀, gba Òkè-Àdó, dé ọ́fíìsì mi ní Olúyọ̀lé. Ọkọ̀ méjì kọjá agbára wa, la bá ní ká wá ẹyọ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. À ń ti ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn ní Ring Road, kò sí èyí tó tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn. Èyí tó bá wù mí, Wándé á sùn gbalaja sórí ilẹ̀ eléruku, á yọjú wo abẹ́ rẹ̀, á dìde, á gbọn ṣòkòtò. "Àǹtí, ẹwà lásán ni. Táyà méjì péré ló ń fà á. Bó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò lè gun etí odò Àgbéde." Èyí tí òun náà bá fẹ́, á máa hó bí ẹ̀rọ ìlọta, ìjókòó rẹ̀ á le bí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Wándé, ṣé sójà ni mí ni?" Nígbẹ̀yìn, a rí ọ̀kan tó rọrùn wà nígboro, tó sì ní ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Bí o bá fi í síhìn-ín, táyà ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́. Bí o bá tì í sọ́hùn-ún, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fà. Inú àwa méjèèjì dùn. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi wa gbàdúrà lé e lórí, Màmá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n ní òun ti ní ẹṣin tòun.

Owó epo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Jíìpù yẹn ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Bí mo bá ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Mọ́kọ́lá, tí mo ń wo bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀ lójú mi, inú á bí mi débi pé n óò máa bú Wándé lémi nìkan nínú ọkọ̀. Mo ní, nítorí ọ̀nà oko tí a ń rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ni mò ń jìyà lójoojúmọ́. Àti pé nǹkan kan tún ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ bí mo bá ti sáré díẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Mùsílíù, mẹkáníìkì mi ní Challenge.

Mùsílíù jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Mọ́mì, pùròpélà iwájú ló ń pariwo yẹn, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú. Òun náà ló ń dá kún epo tẹ́ ẹ ń jó. Ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn nígboro ni? Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníjíìpù tẹ́ ẹ̀ ń rí yìí ló ti yọ tiwọn." Mo bi í bóyá ó ṣì lè gun ẹrẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Ẹ lè ti jíà ẹ̀, iná ẹ̀ á ṣì máa tàn níwájú yín, àmọ́ táyà iwájú ò ní fà. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ lọ sóko, ẹ kàn gbé e wá, mà á dá a padà." Ẹ má di ẹ̀bi ru Mùsílíù. Ó là á fún mi yékéyéké, èmi ni mo ní kó yọ ọ́. Ó wé ọ̀pá náà sínú àpò sìmẹ́ǹtì, mo gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí mi.

Mi ò sọ fún Wándé. Mo mọ irú ariwo tí yóò pa, agídí mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà nígbà yẹn. Mo ní bí òjò bá ti ń sún mọ́lé, n óò dá ọ̀pá padà. Òjò dé, mi ò dá nǹkan kan padà. Epo tí kò tètè tán mọ́ dùn mọ́ mi, ni mo bá ń fi ọ̀la tan ara mi jẹ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá Zùwáírátù, aládùúgbò Màmá, pè wá pé Màmá ò lè mí dáadáa mọ́. Ọ̀gá wa láti Èkó ń bọ̀ wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ náà, n kò lè kúrò níbẹ̀, Wándé ní òun á lọ. Ó ti Agbówó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu géètì. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní òjò rọ̀ lọ́hùn-ún lánàá. Ṣé ọkọ̀ yìí pé? Kò sóhun tó ń ṣe é?"

Ká ní mo sọ òótọ́ ni, à bá gba ọ̀dọ̀ Mùsílíù kọjá, tàbí kí Wándé lọ tọrọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ìtìjú ló dì mí lẹ́nu. Kì í ṣe ìtìjú ńlá kan o. Ìtìjú ẹ̀gbọ́n tí kò fẹ́ kí àbúrò òun bá òun wí lásán ni. Mo ní, "Ó pé. Máa lọ, má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ lọ́nà." Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

Etí odò tó wà níhà Ìgbòho ló ga jù. Àlọ la máa ń sọ̀ ọ́, àbọ̀ la máa ń gùn ún. Wándé sọ̀ ọ́ láìsí wàhálà, ó gbé Màmá sínú ọkọ̀, ìyá Zùwáírátù gbá wọn mọ́ra lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n padà dé etí odò, Wándé ti jíà kékeré náà, iná rẹ̀ tàn, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Táyà ẹ̀yìn ń yí, ó ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Tiwájú kò mira. Àbúrò mi bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán kó ẹrẹ̀, ó ń gé ewéko sábẹ́ táyà, ó ń ké pe àwọn tó wà lóko. Ìyá Zùwáírátù sọ fún mi pé léraléra ni Màmá ń béèrè pé, "Wándé, ṣé a ti débẹ̀ ni?" tí Wándé ń dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀, Màmá." Nígbà tí katakata àwọn àgbẹ̀ kan fi dé láti fà wọ́n yọ, Màmá ò béèrè nǹkan kan mọ́.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo dúró sí, ẹ lè ní àṣìṣe ni. N kò dúró síbẹ̀. Kí a tó sin Màmá ni mo ti gbé ọ̀pá náà padà lọ sí Challenge. Mùsílíù wo ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ara ọkọ̀, ó wo aṣọ dúdú ọrùn mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ yìí lẹ gbé lọ sóko?" Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dá a padà, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní, "Ẹ sọ fún àbúrò yín, ẹ dákun." Láti ọjọ́ náà n kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Wándé ń sọ fún gbogbo ẹbí pé táyà iwájú ò fà. Bàbá Ajíbóyè, àbúrò Màmá, ní irọ́ ni, pé eré ló sá. Wándé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí Dùgbẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ti jíà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí bírí bírí. Mẹkáníìkì ní kò sí ohun tó ń ṣe é. Mo rí ojú àbúrò mi lọ́jọ́ náà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Á jẹ́ pé mi ò tì í débi tó yẹ nìyẹn." Bàbá Ajíbóyè kéde pé ọmọ ilé yìí kankan ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ tí Wándé bá ń wà mọ́. Èmi wá lanu, mo ní, "Ẹ má bínú sí i jù. Ìkánjú ti mọ́ Wándé lára láti kékeré." Ẹ gbọ́ mi? Èmi tí mo mọ̀! Mo ń ṣe bí ẹni gbèjà rẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ ara mi tì í sínú kòtò.

Wándé fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń wà ní Olúyọ̀lé sílẹ̀. Èmi ni ẹ wá ń pè ní ọmọ dáadáa, torí pé mo ra pósí tó dára. Bí mo bá ní kí n sọ̀rọ̀, ẹ ò jẹ́. Mo fẹ́ sọ fún Pásítọ̀, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo gbìyànjú láti sọ fún Bàbá Ajíbóyè, wọ́n ní, "Má dá ara rẹ lẹ́bi, Láwùmí, ìwọ ti ṣe tìrẹ." Inú ń bí mi sí yín, mo sì mọ̀ pé ara mi gan-an ló yẹ kí inú máa bí mi sí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́wọ́ nítòótọ́ á pariwo.

Rónkẹ́, ìyàwó Wándé, ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Ó wá sí Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní gìrì mú Níyìolúwa ọmọ wọn, ọkọ̀ aládùúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún Wándé ní kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sílẹ̀, ó ní òun ò ní wà á. Rónkẹ́ ló sáré gbé ọmọ jáde lọ wá kẹ̀kẹ́. Ọpẹ́ ni, ọmọ yè. Rónkẹ́ ní, "Àǹtí, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ọwọ́ òun ń pa èèyàn." Mo wọ bàtà mi, mo tẹ̀ lé e lọ sí Agbówó.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Wándé níbi tó jókòó sí. Kò gbá mi létí, ì bá sàn kó gbá mi. Ó kàn bi mí pé, "Nígbà tí mo béèrè lẹ́nu géètì, ẹ ti mọ̀?" Mo ní mo mọ̀. "Ní Dùgbẹ̀ ńkọ́?" Mo ní mo mọ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìta, ẹkún ọkùnrin tó ti pẹ́ nínú. Rónkẹ́ ní, "Àǹtí, ẹ máa lọ sílé." Wándé kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Bí ẹ bá yọ nǹkan kúrò lára ohun tí ẹlòmíràn ń gbé ẹ̀mí lé, ẹ yára sọ fún un, kódà kó bú yín, kódà kó nà yín. Èébú ò pa Láwùmí rí. Dídákẹ́ tí Láwùmí dákẹ́ ló pa ìyá rẹ̀. N kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ọmọ yín má wọ ọkọ̀ Wándé, ẹ dìde, kí Bàbá Ajíbóyè ṣíwájú, ẹ lọ sí Agbówó, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti ṣílẹ̀kùn fún yín, ẹ wá dá ẹjọ́ tèmi.