Orúkọ Mọ́kànlá Tí Mo Tì sí Dúrọ́ọ̀ Màmá Fóònù

Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ojú, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún mi, dókítà ò sì fi pamọ́ fún mi pé mo lè má jí. Ọ̀rọ̀ yìí ò ní bá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Màmá Fóònù, tó máa ń pe àwọn aláìsàn kí wọ́n padà wá, tí a dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, kò jẹ̀bi. Èmi ni ọ̀daràn.

Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí dókítà àgbà fi ní kí n kọ ọ̀kan tí yóò máa ṣa orúkọ gbogbo ẹni tí ìfúnpá ojú rẹ̀, èyí tó ń fọ́ ojú, bá ga lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí Màmá Fóònù lè pè wọ́n. Mo kọ ọ́ báyìí: wo orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí ìfúnpá rẹ̀ bá ga, dá orúkọ náà padà. Òpè ni mí, mi ò mọ̀ pé “dá padà” ló ń parí iṣẹ́. Bó bá ti rí ẹni àkọ́kọ́, á dá a padà, á tilẹ̀kùn, kò ní wo àwọn tó kù mọ́. Ṣe ló yẹ kí n gbé agbọ̀n òfìfo kalẹ̀, kí n máa ju orúkọ sí i, kí n tó dá agbọ̀n náà padà lẹ́yìn tí mo bá ti wo gbogbo wọn tán. Àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo ti nílò ìpè ni mo fi dán an wò. Ó ṣiṣẹ́, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Màmá Fóònù ló kọ́kọ́ fura. “Ọmọ mi, ẹnì kan ṣoṣo tún ni? Pẹ̀lú gbogbo èrò tó ń jókòó síta yìí?” Mo rẹ́rìn-ín. “Màmá, kọ̀ǹpútà kì í parọ́.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó gbé fóònù.

Ní oṣù kẹrin tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́, aránṣọ kan wọlé, ọmọ rẹ̀ obìnrin fà á lọ́wọ́. “Ojú ọ̀tún mi ti kú,” ló wí. “Ẹ ní ẹ máa pè mí. Kí ló dé tí ẹ ò pè?” Dókítà àgbà pe ìpàdé sí agogo mẹ́ta. Mo sáré sídìí kọ̀ǹpútà, mo rí àṣìṣe náà. Mo gbé agbọ̀n kalẹ̀, mo sì sún “dá padà” sí ìparí. Mo fi wo ọ̀sẹ̀ tí aránṣọ náà kọ́kọ́ wá: orúkọ mọ́kànlá tú jáde, tirẹ̀ ló ṣìkejì. Ẹni tó nítìjú á lọ jẹ́wọ́. Èmi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fi déètì ọ̀sẹ̀ náà sí i, mo sì tì í sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ Màmá Fóònù nígbà tó lọ jẹun.

Ní ìpàdé, èmi náà ni mo ní, “Ẹ yẹ dúrọ́ọ̀ gbogbo wa wò, títí kan tèmi.” Ẹ sì rí ìwé náà nínú dúrọ́ọ̀ Màmá. “Ọwọ́ mi ò kàn án rí,” Màmá wí. Ó yíjú sí mi. “Ìwọ lo ń fún mi níwèé. Sọ̀rọ̀!” Mo dáhùn pé, “Mo fún yín, Màmá. Bóyá ẹ gbàgbé ni.” Kò sunkún. Nígbà tí ẹ dá a dúró, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ẹni tó ṣu sọ́nà, eṣinṣin ni yóò bá níbẹ̀ tó bá ń bọ̀. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo gbà pé èmi ni wọ́n ń sọ. Agbálẹ̀ bi mí pé, “Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ro ohun tó mọ̀.

Mo rán ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí Màmá láti bẹ̀ ẹ́. Èsì tó mú bọ̀ nìyí: “Ó ní òun ò ní dárí jì ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Níwájú wọn lo ti parọ́ mọ́ òun, níwájú wọn ni kó o ti jẹ́wọ́.” Torí náà, dókítà àgbà, ẹ ka ìwé yìí sókè fún gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, àṣìṣe mi kọ́ ló bà mí jẹ́, bíbò tí mo bò ó ni.

Ó ku ọ̀kan, òun ló burú jù. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo tì sí dúrọ́ọ̀ yẹn, àwọn yẹn lẹ sì pè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni ètò mi fi ń dá ẹnì kan ṣoṣo padà lọ́sẹ̀. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, kí ẹ má baà bi mí ibi tí ìyókù wà. Orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè, mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ló wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ná, kí ẹ tó bínú sí mi.