Oògùn Ikọ́ Ni, Kì í Ṣe Àgbo Màmá

Ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti sáré fún ọdún mẹ́fà, tí mo ń jẹun, tí mo ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo yín ń pè mí ní ìyàwó rere. Èmi Husnah, ìyàwó Abdussalam tó ń ta ṣọ́ọ̀kù mọ́tò ní Ládìpọ̀, ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi, tí mo sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá ọkọ mi. Ẹ̀yin ẹbí ọkọ mi ni mo kọ ìwé yìí fún, àti ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun tí oorun ń pa kú lọ. Ẹ má bá mi wá àwíjàre. Mo ti wá a títí, n kò rí i.

Nígbà tí mo bí Muadh, Màmá, ìyá ọkọ mi, kó ẹrù wọn láti Ìdí-Òró wá sí yàrá méjì tí a gbà ní Mushin, kí wọ́n lè máa wẹ ọmọ fún mi. Ẹni tó bá mọ Màmá Kùdírátù mọ̀ pé ọwọ́ wọn ò láfiwé nídìí ọmọ jòjòló. Wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ Muadh sórí ojúgun wọn, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí ra á lára títí á fi rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á bu ṣíbí àgbo kan láti inú ìkòkò kékeré wọn, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra wọn kí wọ́n tó fún un. Mo máa ń bá wọn fà á. Mo ní nọ́ọ̀sì sọ pé ọmú nìkan ni títí oṣù mẹ́fà, kódà omi ò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àgbo yìí náà ni ọkọ mi mu dàgbà. Ẹ wo èmi tó ń jà nítorí ṣíbí kan.

Muadh kì í sùn lóru. Á mu ọmú díẹ̀, á sùn tòun ti ọmú lẹ́nu, bí mo bá sì ti gbé e sílẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ á là. Ẹ̀ẹ̀meje, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóru kan. Orí ọmú mi bó, ẹ̀yìn ń ro mí. Ọkọ mi á yíjú sí ògiri, torí ó gbọ́dọ̀ tètè dé ṣọ́ọ̀bù. Màmá nìkan ló máa ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á ní kí n gbé e wá kí àwọn pọ̀n ọ́n, kí n lè sùn. Mo máa ń kọ̀. Ìgbéraga ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Husnah ò lè tọ́ ọmọ tó bí, mo sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á fún un lómi lẹ́yìn mi. Mo ní ìrànlọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìlúpéjú. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fi iná lẹ ọ̀rá pọ̀ ni wọ́n fi mí sí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo sùn lórí ìdúró. Bí kì í bá ṣe pé Mabel tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fà mí lápá, ọwọ́ mi ì bá jóná. Ọ̀gá wa ní tí òun bá tún rí mi bẹ́ẹ̀, kí n má wulẹ̀ padà wá. Nígbà tí a jókòó jẹun lọ́sàn-án, Mabel ní kí n ra oògùn ikọ́ tó ń mú àgbàlagbà sùn, kí n máa fi díẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ó ní bí òun ṣe tọ́ ọmọ méjì nìyẹn. N kò di ẹ̀bi ru Mabel. Òun ló sọ ọ́, èmi ni mo rà á.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fún un, Muadh sùn títí wọ́n fi pe ìrun àsùbá. Ayọ̀ ni mo fi sunkún. Màmá wọlé, wọ́n ní ọmọ yìí ò dún lóru àná, àgbo àwọn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ ṣeun o." Inú wọn dùn débi pé wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin inú ilé. Ibẹ̀ ni irọ́ náà ti fìdí múlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, oògùn ò ràn án mọ́, mo fi kún un. Lóru Ọjọ́rú kan, ó jí ní aago kan, mo fún un lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ pé ó ti pọ̀. Mo kàn fẹ́ sùn ni. Nígbà tí Màmá wá gbé e fún ìwẹ̀ láàárọ̀, orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn bí aṣọ tí a rẹ sómi. Ó ń mí, ṣùgbọ́n bí èémí kan bá lọ, èkejì á pẹ́ kí ó tó dé. Màmá gbá a mọ́ àyà, wọ́n sáré jáde láìwọ bàtà, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà béèrè ohun tí a fún un. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti dáhùn pé àwọn fún un ní ṣíbí àgbo kan láàárọ̀ àná. Wọn ò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Dókítà mi orí. Ó yíjú sí mi, ó ní ṣé kò sí nǹkan mìíràn, pé tí òun bá mọ ohun tó mu, òun á mọ bí òun ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ọmọ mi wà níbẹ̀, wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú. Ọkọ mi ti dé láti Ládìpọ̀, ó dúró lẹ́yìn mi. Mo wo ojú dókítà.

"Kò sí," ni mo wí. "Mo ti sọ fún Màmá kí wọ́n má fún un ní àgbo, wọn ò gbọ́."

Orúkọ mi ni mo yàn, mo fi ẹ̀mí ọmọ mi sílẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń wá ohun tí èmi ti mọ̀. Ọlọ́run ló yọ Muadh, kì í ṣe èmi. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, ọkọ mi ní kí ìyá rẹ̀ kó ẹrù, òun ò fẹ́ rí wọn nítòsí ọmọ òun mọ́. Màmá gbé ìkòkò àgbo lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Wọ́n padà wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi, èmi tí wọ́n bí ọkọ fún. Wọ́n ní, "Husnah, dákun, forí jì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ rẹ." Mo fà wọ́n dìde, mo ní mo ti forí jì wọ́n. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá wá kí wa nígbà Iléyá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n á na súùtì sí Muadh láti òkèèrè. Lóṣù tó kọjá, Aneesah, ọmọ wọn obìnrin, bímọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó gbé ọmọ fún wọn, Màmá sì kó ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn. Wọ́n ní kí ó gbé e fún ẹlòmíràn, ọwọ́ àwọn ò dáa fún ọmọ. Aneesah bẹ̀ wọ́n títí ó fi sunkún. Mo wà níbẹ̀, mo ń pín sóbò fún àlejò lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Aneesah pè mí lórí fóònù ní ìdájí. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní ọmọ ò jẹ́ kí òun sùn, kò sì sẹ́ni tó ń ran òun lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Muadh, kí lẹ ń fún Muadh nígbà yẹn tó fi ń sùn mọ́jú?"

Mo ní kí ó má fún ọmọ ní ohunkóhun. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìdí-Òró, mo kúnlẹ̀ fún Màmá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n béèrè pé ṣé ó dá mi lójú pé kì í ṣe àgbo. Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n tún béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí, mo sì rí i pé láti ọdún mẹ́fà, Màmá ti gbà nínú ọkàn wọn pé apànìyàn ni àwọn. Wọ́n dìde, wọ́n wá ìborùn wọn. Mo di etí ìró wọn mú, mo ń bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀, Husnah. N kò tíì lè dá ọ lóhùn. Ilé Aneesah ni mò ń lọ, wọn ò tíì wẹ ọmọ."

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, tí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn láti gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí i fún un. Ọmọ tó ń ké lóru ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi ò tíì mọ̀. Tó bá ka ìwé yìí tán, ohun tó bá wù ú ni kó fi mí ṣe, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ẹni tí ó lé jáde nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Màmá, ẹ forí jì mí. Tí ẹ ò bá sì lè forí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Muadh mọ́ra. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì mọ bí ọwọ́ yín ṣe rí lára.